Bí Mo Ṣe Gba Àtùpà Tó Mọ Òjé Nínú Igbó Òkùnkùn-Ọ̀sán

Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ wọlé tàbí kí ẹ máa lọ, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń nàró. Ẹni tí kò bá rí àpótí, ilẹ̀ pọ̀, kó fi ìdí lélẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́ṣínà, ọmọ ọdẹ, ọmọ ọmọ ọdẹ. Mo ti wọ igbó tó ń jẹ ọdẹ, mo sì jáde níbẹ̀ tí inú ń bí igbó náà. Mo mọ̀ pé ìtàn ẹkùn tí mo pa létí odò lẹ ń retí. Ẹ fẹ́ràn ẹkùn yẹn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan nínú yín tó tíì bu ẹmu fún mi nítorí rẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ẹkùn lónìí. N kò ní in mọ́, mo ti fi san nǹkan. Bí mo ṣe fi san án ni n óò sọ fún yín, bí ẹ bá lè pa ẹnu mọ́, ohun tí n kò rí i kí ẹ ṣe láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín.

Kí n tó wọ igbó, ẹ jẹ́ kí n kọ́ ẹ̀yin tí kì í ṣe ọdẹ ní ohun kan, kí ẹ má baà máa mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ọdẹ tó gbé iná kábáàdì sí iwájú orí kì í wá ẹran, ojú ẹran ló ń wá. Iná ọdẹ funfun, ṣùgbọ́n ojú ẹran kì í fi funfun dá a lóhùn. Òmíràn á pọ́n, òmíràn á dà bí ewé tuntun, òmíràn á dà bí oyin. Àwọ̀ kan ló lọ, àwọ̀ mìíràn ló ń bọ̀, ọdẹ tó bá mọ àwọ̀ tó ń bọ̀ ló ń jẹ ẹran. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo ohun tó bá tàn ni yóò yìnbọn sí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó yìnbọn sí ojú méjì tó ń tàn nínú oko, tó sáré débẹ̀, tó bá a pé ewúrẹ́ ìyá ìyàwó òun ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn, ó ń wo ilẹ̀. Kí nǹkan tàn kò tó, ohun tó mú un tàn ni kí o mọ̀. Ẹ fi èyí pamọ́, a óò lò ó.

Ní ọdún yẹn, àwọn ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn ní Òkè-Oṣè, ìlú wa. Ọmọ tó ti ń rá á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rá. Ọmọ tó ti mọ ìyá rẹ̀ á máa wò ó bí àlejò. Inú á máa run wọ́n, àtẹ́lẹwọ́ wọn á funfun, gìrì á sì gbé wọn lọ́sàn-án gangan. A sin díẹ̀ nínú wọn. N kò ní sọ iye wọn, nítorí àwọn ìyá wọn jókòó láàárín yín. Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́lọmọ, obìnrin tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ náà, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú ńlá. Èsì dé pé òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òjé, ẹ̀yin ará, òjé tí mo fi ń ṣe ọta ìbọn, tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní èyí tó bá wọ ara ọmọdé, bó kéré bí eruku, á máa ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òjé náà ń gbà wọlé kò sí nínú èsì. Ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ wà ní ìlú ńlá, ó ti bàjẹ́, ẹni tó lè tún un ṣe sì ti lọ sí òkè òkun láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Àwọn àgbà ìlú wa kò dúró de ẹ̀rọ kankan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà wọ́n jókòó, wọ́n gbé ẹmu síwájú, wọ́n sì rí ẹni tí yóò jẹ̀bi kí ẹmu tó tán. Ìyàwó mi ni. Ìbídùn ìyàwó mi ló ń ta ògì tí gbogbo abiyamọ ìlú ń rà. Gbogbo ọmọ ló ń mu ún, gbogbo ọmọ ló ń ṣàìsàn, àfi ẹyọ kan, ọmọ tiwa, Ọdẹ́dìran, tó sanra, tó ń lé adìyẹ kiri àgbàlá. Ẹ wo ẹ̀rí ńlá. Yèyé Morádékẹ́, ẹ̀gbọ́n ọba, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta pé obìnrin tó ń po ògì fún ọmọ ọlọ́mọ, tí tirẹ̀ nìkan sì ń dán, kí ni ẹ tún ń wá?

Ó ti pẹ́ tí Yèyé ti ń bínú sí i. Kò sí ìkómọ kan ní Òkè-Oṣè tí Yèyé kì í lọ. Á dé pẹ̀lú tìróò tó lọ̀ fúnra rẹ̀, á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, á lé tìróò sí i lójú kí ẹyinjú rẹ̀ lè dán, á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ ju oúnjẹ lọ, èyí kì í ṣe ẹ̀gàn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní kí Yèyé jọ̀ọ́ má bínú, pé ní ìdílé àwọn, níbi tí mo ti fẹ́ ẹ wá, èèwọ̀ ni kí ohunkóhun kan ojú ọmọ kó tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú ilé. Yèyé rẹ́rìn-ín, ó ká tìróò rẹ̀ sí etí aṣọ, ó lọ. Ẹ mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá dá ọjọ́ fún wa pé ní ọjọ́ ọdún iṣu tuntun, wọn yóò fọ́ ìkòkò ògì Ìbídùn níwájú ààfin, wọn yóò sì lé e kúrò ní ìlú. Ọmọ yóò kù sílẹ̀, nítorí ọmọ Òkè-Oṣè ni. Yóò kù sọ́wọ́ èmi, tí n kò mọ iwájú ìtẹ́dìí yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ìbídùn kò sunkún. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo mọ gbogbo igbó tí mo ń sọ pé mo mọ̀. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bi í ní irú ìbéèrè yẹn, kí ó yáa dìde.

Àwọn ọdẹ àtijọ́ máa ń sọ pé arúgbó kan wà nínú Igbó Òkùnkùn-Ọ̀sán tó ń ṣe àtùpà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tí a lè rán lọ wá ohun tó bá fara pamọ́. Mo mú ìbọn, mo mú àpò, mo lọ. N kò ní sọ bí mo ṣe rìn, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. Oòrùn kì í wọ igbó náà, ọ̀sán gangan ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹnu ìloro rẹ̀ ni mo ti pàdé iwin kan tó ń tàn láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Irun rẹ̀ ń tàn, èékánná rẹ̀ ń tàn, bó bá sọ̀rọ̀, itọ́ rẹ̀ ń tàn. Ó ní Tànlásán ni orúkọ òun, ọba ìmọ́lẹ̀, pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu lọ bá arúgbó kankan, òun náà mọ òjé wá. Mo ní kó wá a. Ó tẹ òkúta, ó tàn, ó ní òjé nìyẹn. Ó di igi mú, ó tàn, ó ní òjé ni. Ó fọwọ́ kan bàtà mi, ó ní òjé pọ̀ níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìdí mi, ó ní èyí gan-an ni ìyá òjé. Mo bi í pé kí ni kì í ṣe òjé nínú ayé yìí. Ó ronú títí, ó ní ọ̀tá ló máa ń béèrè irú ìbéèrè yẹn. Mo rántí ìgbìmọ̀ ìlú wa, àárò ilé sọ mí.

Ibi tó ti ń tàn kiri ni ẹfọ̀n ti rí wa. Ẹfọ̀n, ẹ̀yin tí ẹ kò bá a pàdé ju inú ọbẹ̀ lọ, kì í béèrè ta ló tan iná. Ó tẹrí ba, ó ń bọ̀. Mo gbé ìbọn, mo fa á, ìrì igbó ti mu ẹ̀tù mi, ìbọn náà sín bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, ó dákẹ́. Mo ké sí Tànlásán pé òjé tó tóbi jùlọ láyé ló ń bọ̀ yẹn. Ó yíjú, ó la apá méjèèjì, ó lọ pàdé rẹ̀. Èmi gun igi. Láti orí igi ni mo ti ń gbọ́ ọ tó ń pariwo òjé, òjé, bí ẹfọ̀n ṣe ń fi ìwo gbé e kúrò ládùúgbò. Ẹ má káàánú rẹ̀, iwin kì í kú. Ìtìjú nìkan ló lè pa á, kò sì ní in.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn títí mo fi dé ìdí àràbà kan tó ní ihò nínú, mo sì rí arúgbó náà, Ìyá Alátùpà-Wẹ́wẹ́. Ojú rẹ̀ kan tóbi bí àwo, èkejì kéré bí ihò abẹ́rẹ́, èyí tó kéré ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ẹṣin. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò ní kí n dìde. Ó ní, "Ọmọ ọdẹ, kí ló máa ń sùn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, tó máa ń jí nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá kún?"

Mo ní, "Àwọn ìjòyè ìlú wa ni, Ìyá."

Arúgbó rẹ́rìn-ín títí eruku fi bọ́ lára igi. Ó ní gbogbo ọdẹ tó ti wá síbẹ̀ ló ń dáhùn pé tàkúté ni, pé tèmi yìí kò tọ̀nà ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ó ládùn, kí n dìde. Ó ní àtùpà òun ni ìdáhùn. Àtùpà òun kọ̀ọ̀kan ní orí tó ń tàn, ó ní ọwọ́ tó ń gbá nǹkan mú, ó sì ní ọrùn tó so méjèèjì pọ̀. Bí ọwọ́ náà kò bá rí nǹkan ṣe, á máa nà wá bo orí lójú, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní jáde. Ọjọ́ tó bá rí ohun tí a rán an, tó gbá a mú, kò ní ráyè bo ojú mọ́, orí á wá tàn. Ẹgbàágbèje wọn lè jókòó sórí ẹnu abẹ́rẹ́ kan kí àyè sì kù. Wọ́n lè wọ inú àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí Ẹlẹ́dàá fi mọ ara èèyàn, kí wọ́n wo igun gbogbo níbẹ̀, láìfi ọ̀bẹ kan onílé. Ó ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, àwọn àtùpà òun nìkan ló mọ èyí tí inú ń run.

Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó bi mí pé kí ni mo mú dání. Mo ní mo ní ẹran gbígbẹ, ó ní òun kò ní eyín. Mo ní mo ní ìbọn, ó ní òun gbọ́ bó ṣe sín lẹ́ẹ̀kan. Ó wá na ìka tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu mi, ó ní ohun kan wà lẹ́yìn eyín mi tó ń dán, òun fẹ́ ẹ. Ìtàn ẹkùn ni. Kì í ṣe pé kí n sọ ọ́ fún un o, kí n yọ̀ǹda rẹ̀ ni, pé bí mo bá kúrò níbẹ̀, kò ní sí lẹ́nu mi mọ́ láéláé. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó mú ajá mi nílé. Mo ní kó mú ìtàn erin, ó ní ìyẹn irọ́ ni. Mo ní láìsí ẹkùn yẹn, ta ni n óò jẹ́ níbi tí àwọn ọdẹ bá jókòó sí?

Ó ní, "Láìsí Ìbídùn ńkọ́?"

Mo la ẹnu. Ó fà á yọ bí ẹni tó ń fa egungun ẹja lọ́fun ọmọ. Títí dòní mo mọ̀ pé mo pa ẹkùn kan, ṣùgbọ́n bí mo ṣe pa á, ẹ̀yin tí mo sọ ọ́ fún mọ̀ ọ́n jù mí lọ, n kò sì ní bẹ̀ yín kí ẹ sọ ọ́ fún mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àtùpà tó kọ́kọ́ ṣe, ó pò ó mọ́ omi, ó yọ òkúta kan tó ń yọ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò, ó ju òjé kan láti inú àpò ọta mi sínú omi náà, ó tan òkúta sí i. Iná àlùkò lọ, iná ewé tútù dáhùn. Mo fò sókè. Ó ní kí n jókòó. Ó kán an sára àdá mi, ó tàn. Ó kán an sára iyọ̀ oúnjẹ mi, ó tàn. Ó kẹ́dùn, ó ní, "Tànlásán ni mo tún bí yìí," ó sì dà á nù. Mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ni òun ló bí Tànlásán. Ó ní iṣẹ́ tó bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nígbà èwe ni, àánú ni kò jẹ́ kí òun pa á, kò sì sí iṣẹ́ òun mìíràn tó lérò lẹ́yìn tó o.

Ọwọ́ tó ń mú gbogbo nǹkan kò tíì mú nǹkan kan. Mo ní, "Ìyá, tàkúté tí a bá dẹ fún ọ̀yà, a kì í jẹ́ kó fẹ̀ tó ti ìgalà. Ohun tí ọ̀yà fẹ́ràn la sì ń fi síbẹ̀." Ó bi mí pé kí ni òjé fẹ́ràn. N kò mọ̀, ṣùgbọ́n ọdẹ kì í sọ bẹ́ẹ̀, mo kàn tú àpò mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀. Imú rẹ̀ gbọ́ òórùn imí ọjọ́ tí mo fi ń po ẹ̀tù ìbọn. Ó mú un, ó ní òjé àti imí ọjọ́, bí wọ́n bá ti fojú kan ara wọn, ó di kí ikú yà wọ́n. Ó fi ra ìka àtùpà, ó sì fún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ̀ kó má gba ohun tó yàtọ̀ sí ìwọ̀n òjé. Àdá mi kò tàn mọ́. Iyọ̀ kò tàn. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé imí ọjọ́ tèmi ni o. Nígbà tí ẹ bá ń yin arúgbó, ẹ má gbàgbé ẹni tó ru ẹrù wá.

Ẹ rò pé ó parí. Ìyẹn kọ̀ láti yòrò nínú omi, ó dì bí òrí nígbà ọyẹ́. Ó tún un ṣe, ó yòrò, ó kán an sára ìgbín kan láti wò bóyá yóò wọ inú ara alààyè. Ó wọ̀ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbín náà wọnú ìkarahun rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Arúgbó ní àtùpà tó bá pa onílé kó tó fi olè hàn, olè kejì ni. Gbogbo ìgbà tó bá ti ń da ọ̀kan nù ni mo ń gbọ́ ìró ìkòkò Ìbídùn tó ń fọ́ létí mi. Mo fẹ́ gba èyí tó pa ìgbín kí n máa lọ. Ó wò mí pẹ̀lú ojú ńlá yẹn, ojú tì mí. Nígbà tó ṣe èyí tó kẹ́yìn, ìgbín mìíràn gbà á sára, ó na ìwo, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ó rọ ọ́ sínú àdó kékeré kan fún mi, ó fi òkúta àlùkò lé e. Ó ní oòrùn kò gbọdọ̀ rí i. Ó ní kí n má tan iná sí i fún ìgbà pípẹ́, pé àárẹ̀ máa ń mú un, bó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, kì í jí mọ́. Ó wá ní, "Má kán an síbi tí o ti ń fura sí nìkan. Kán an síbi tí o fẹ́ràn pẹ̀lú. Kò mọ adé, kò mọ àkísà."

Lẹ́nu ọ̀nà, Tànlásán tún dúró dè mí, ihò ìwo ẹfọ̀n lára rẹ̀, ó ń tàn síbẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní àdó yẹn mu kí òun lè gbọ́n sí i. Mo ní ẹfọ̀n kan ń béèrè rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó sá lọ.

Ọjọ́ ọdún iṣu gan-an ni mo wọlé. Wọ́n ti to ìkòkò Ìbídùn síwájú ààfin, wọ́n ti fún ọkùnrin kan ní olórí odó. Ìbídùn wà lórí eékún, wọ́n ti tú ọmọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọba, mo ní kó jẹ́ kí n fi ìran kan hàn án kí wọ́n tó fọ́ nǹkan. Ọba wa fẹ́ràn ìran. Wọ́n fi ẹní àti aṣọ dí gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn, inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́lọmọ kó abọ́ funfun wá, mo kán omi àtùpà sínú wọn. Mo fi ọta ìbọn mi sínú ọ̀kan, mo tan òkúta sí i, ó tàn bí ewé tuntun, kí gbogbo wọn lè mọ ohun tí à ń wá. Lẹ́yìn náà mo bu ògì Ìbídùn. Kò tàn. Mo bu omi odò tó fi ń sẹ́ ògì. Kò tàn. Mo ha ara ìkòkò rẹ̀, kò tàn. Ìbídùn fi ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n dúdú. Àwọn ìjòyè fajú ro bí ẹni tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀.

Yèyé Morádékẹ́ gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, Adésọjí, tí àìsàn náà ti mú rọ jọwọrọ. Ó ní, "Ọdẹ́ṣínà, o lọ sínú igbó, o mú omi dúdú bọ̀. Ìyàwó rẹ ni. Kí lo fẹ́ kó sọ?" Mo ní kí Yèyé jẹ́ kí a bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ omi àtùpà, ó gbé e sábẹ́ awò rẹ̀ tó ń sọ kékeré di ńlá, mo tan òkúta sí i. Èmi wò. Yèyé wò. Àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí arúgbó sọ wà níbẹ̀, wọ́n tò lọ rẹrẹ, iná ewé tútù sì ń jó nínú wọn, yàrá dé yàrá. Yèyé gbé ojú kúrò. Ó ní, "Ṣé inú ọmọ mi nìyí?"

Abẹ́rẹ́ ti dun ọmọ náà, ó ń sunkún. Ó ṣe ohun tí ọmọ gbogbo ń ṣe. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ti ọwọ́ bọ abọ́ omi àtùpà tó wà níwájú rẹ̀, ó tún fi nu ojú. Òkúta wà lọ́wọ́ mi, mo yíjú láti wo ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ojú méjì tàn nínú òkùnkùn. Ọdẹ mélòó kan tó wà níbẹ̀ nawọ́ sí ìbọn tí kò sí léjìká wọn. Àwọn kan pariwo pé àjẹ́ ti wọ ọmọ. Èmi dúró, mo ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ mi tó wà nídìí òpó yẹn kò ṣe fún ewúrẹ́ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ẹyinjú kọ́ ló ń tàn. Ìpéǹpéjú ni, yíká, níbi tí a ń lé tìróò sí.

Ní gbogbo ọ̀nà bíbọ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn kan jọ fún Yèyé, ó dùn, ó mú, mo ti há a sórí. Mo wo ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ọmọ náà ń tàn, kò sí èyí tó jáde nínú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ta ni yóò wá sọ ọ́ fún ẹni tó gbin ẹ̀fọ́? N kò sọ ọ́. Òun ló tú etí aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó yọ tìróò, tó dà á sínú abọ́ tó kù.

"Tan iná sí i," ó wí.

"Yèyé, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn jáde ná."

"Mo ní kí o tan iná sí i, Ọdẹ́ṣínà."

Mo tan án. Ó tàn débi pé a rí àjà gbọ̀ngàn. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé òkúta dídán tí wọ́n lọ̀ di irú tìróò yìí, òjé ló pọ̀ nínú rẹ̀, pé ọmọ á nu ojú, á sì fi ìka sẹ́nu. Yèyé ní, "Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lé e fún gbogbo wọn." Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ti kú wà níbẹ̀. Àwọn ìjòyè nìkan ló lóhùn. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń fura sí tìróò yẹn. Ẹni tó gbé olórí odó dání rọra gbé e pamọ́ sẹ́yìn, ó ń bi Ìbídùn bóyá ògì wà fún títà.

Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú ńlá, níbi tí oògùn tó ń lé òjé jáde wà. Ọ̀pọ̀ wọn sàn. Adésọjí pẹ́ kó tó rìn, ọ̀rọ̀ sì ṣì ń ṣòro fún un. Yèyé ri òkúta tìróò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé omi àti òwú, ó ń wọ ilé dé ilé, ó ń nu ojú ọmọ ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn tí ìyá wọn kò kí i. Ilé tiwa ló dé gbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí yóò nù níbẹ̀. Ìbídùn ń sẹ́ ògì lọ́wọ́. Yèyé ṣí gèlè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọba, ìyá gbogbo wa. Ìbídùn sáré dì í mú ní ìgúnpá. Ìbídùn wá gbé Ọdẹ́dìran nílẹ̀, ó nà án sí i. Yèyé kò gbà á. Ó bu omi, ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀, ó nù ún gbẹ, ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síta. Ó ní, "Ìbídùn, bá mi wò ó. Ṣé ó mọ́?"

Ìbídùn yíjú sí mi. "Bàbá Ọdẹ́dìran, àtùpà yẹn ńkọ́?"

Ó ku ẹ̀kán kan nísàlẹ̀ àdó. A wọ inú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo kán an sí àtẹ́lẹwọ́ Yèyé, mo tan òkúta sí i. A wò ó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti rí iná lóríṣiríṣi láyé mi, n kò tíì rí òkùnkùn tó dára tó èyí tí mo rí lọ́wọ́ Yèyé lọ́jọ́ yẹn. Ìbídùn gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́.

Ohun tí mo ní tí mo fi rọ́pò ẹkùn nìyẹn. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó dìde, igbó ṣì wà níbẹ̀, kó lọ pa tirẹ̀.